Gbogbo Ohun Tí À Ń Pè Ní Ibà

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ sún bẹ́ǹṣì yẹn mọ́ ògiri, oòrùn Kàdúná kò mọ àlejò. Nígbà tí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo bi yín pé ẹnì kẹrin yín dà, ọ̀kan nínú yín sì fi ẹ̀rín dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ibà lásán ló ń ṣe é." Mo rí i bí ẹ ṣe wojú ara yín nígbà tí mo dákẹ́. Inú kò bí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ síbi tí n kì í fẹ́ lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò.

Ibà lásán. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ibà kan wà tó jẹ́ lásán?

Bàbá arúgbó tí ń jókòó síwájú ilé ní Kabala Doki lẹ mọ̀ mí sí. Ṣùgbọ́n ní ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́míìsì ni mo ní níhìn-ín, nínú yàrá iwájú tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù yìí. Àwọn Hausa ń pè mí ní Baba mai magani, bàbá olóògùn. Àwọn Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wá ń pè mí ní Oníkẹ́míìsì. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí mo bá ti ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ tó "ibà." Ẹni tí orí ń fọ́, ibà ni. Ẹni tó ru ẹrù ní ọjà títí eegun rẹ̀ fi ń ro ó, ibà ni. Obìnrin tó lóyún tí kò tíì fẹ́ kí ará ilé mọ̀ á ní ibà ló ń ṣe òun. Ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un á gbé ọwọ́ lé iwájú orí, á ní ibà. Ọkùnrin kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde nílé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ra oògùn ibà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Oògùn rẹ̀ kò sí lórí pẹpẹ mi, ṣùgbọ́n ó tì í lójú láti pè é lórúkọ, èmi náà kò sì pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di àpò tí gbogbo wa ń ju ìrora wa sí.

Ẹnì kan wà nínú ọgbà wa tí kì í gba àpò yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìtú u. Ìyá Alágbo là ń pè é. Ará Ìlọrin ni, Mùsùlùmí ni, ó sì fi ogún ọdún jù mí lọ dáadáa. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Èmi ń ta oògùn òyìnbó lójú títì, òun ń se àgbo lẹ́yìnkùlé, a kò sì jà rí. Bí ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ, tí ẹ ní ibà ń ṣe yín, ohun tí yóò bi yín ni pé, "Ibà wo?"

Kò ní fọwọ́ kan ìkòkò títí ẹ ó fi dáhùn. Yóò ní kí ẹ ṣí ojú, kí òun wo ẹyinjú. Bó bá pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ, ó ní ibà pọ́njúpọ́njú nìyẹn. Yóò tẹ inú yín. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn, tí ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ara ti ń gbóná, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Èyí tí ń mú ènìyàn gbọ̀n nínú oòrùn, tí yóò tún mú un làágùn, ibà olótùútù. Ìyẹn ló ní ewé dóńgóyárò, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn ọrùn yín, yóò ní, "Wo àyà rẹ." Ìyẹn ló máa ń ṣe kẹ́yìn, kì í sì í fò ó, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí ọrùn kọ̀ láti tẹ̀. Nígbà méjèèjì, ó bo ìkòkò rẹ̀ dé. "Èyí kò sí lọ́wọ́ mi," ó wí. "Yínrùnyínrùn ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má jókòó." Màlámù Tánkò tó ni ilé wa a máa pe àìsàn náà, tí àwọn dókítà ń pè ní mẹníńjáítíìsì, ní sankarau. Òun ló sọ fún mi pé ooru tó ń ṣáájú òjò ni í máa ń gbé e wá sí ìhà ibí. Àwọn méjì tí mò ń wí yẹn yè, nítorí pé ẹnì kan fọwọ́ kan ọrùn wọn kíákíá.

Ẹ̀yin ò mọ bí ọgbà wa ṣe rí nígbà yẹn. Yàrá méjìlá ló yí àgbàlá kan po, kànga sì wà láàárín. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, ẹ óò gbọ́ ìpè àdúà láti mọ́ṣáláṣí, ẹ óò gbọ́ rédíò Màlámù Tánkò tó ń sọ ìròyìn ní Hausa, ẹ óò gbọ́ ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, tó ń kọ orin ìjọ bó ṣe ń fa omi. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọmọrí ìkòkò Ìyá Alágbo tó ń lu ẹnu ìkòkò, kìtì, kìtì, kìtì. Òórùn àgbo yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ojúmọ́ ti mọ́. Bí Iléyá bá dé, ẹran kì í tán nílé wa. Bó bá jẹ́ Kérésìmesì, ìyàwó Màlámù Tánkò ló máa ń bá wa gún ata, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé níbo lo ti ń kírun tàbí níbo lo ti ń gbàdúrà.

Iléyá kan wà tí àna mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rí ike kan létí ilẹ̀kùn Ìyá Alágbo, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó rò pé sobo tí wọ́n ń pín kiri ni. Ó gbé ike yẹn dà sẹ́nu nítorí òùngbẹ. Àgbo awọ́pa ọjọ́ mẹ́ta ni! Ẹ ò rí ojú ọkùnrin náà! Kò lè gbé e mì, ojú ń tì í láti tu ú. Ìyá Alágbo ní, "Àna wa, ẹ gbé e mì, ibà ọdún yìí kò tún ní mọ ilé yín." Ọjọ́ yẹn la rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àna mi kú ní ọjọ́ ogbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì máa ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjà ẹ̀sìn dé sí ìlú yìí. Ẹ ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí yín, n kò ní tún un sọ. Ohun tó kàn mí ni pé nígbà tí ó rọlẹ̀, ẹ̀rù kò rọlẹ̀. Ìdílé kan kó ẹrù, ó kọjá sí òdìkejì odò, sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn tirẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn kan padà sílé pátápátá. Màlámù Tánkò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ti bá a gbé láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, ó ń sọ pé, "Haba, haba," kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ọmọ Ìyá Alágbo wá mú un lọ sí Rigasa. Ìkòkò rẹ̀ ló gbé lé orí fúnra rẹ̀. Yétúndé ọmọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Kawo, nítorí gáréèjì ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń wakọ̀. Àṣàkẹ́, ọmọ wọn, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, Ìyá Alágbo ló ń sun ún fún, kì í ṣe èmi.

Ọdún bíi méje kọjá. Èmi àti ìyàwó mi dúró níhìn-ín, kẹ́míìsì ṣì wà ní ṣíṣí. Fóònù alágbèéká ti di ti gbogbo ènìyàn. Bí ìdílé mi ṣe fọ́nká tó, mo ń gbọ́ ohùn wọn lójoojúmọ́, mo sì ń tan ara mi jẹ pé ohun kan náà ni gbígbọ́ ohùn àti wíwà níbẹ̀.

Nígbà ooru ọdún yẹn, nígbà tí páànù òrùlé ń ké lọ́sàn-án, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ níbì kan. Ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru. Ọkọ Yétúndé ti gbé èrò lọ sí Kánò, kò rí ọ̀nà wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, fóònù mi dún.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Àṣàkẹ́ ni. Zazzabi mú un láti àná."

"Ibà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ibà. Ara rẹ̀ gbóná gan-an. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní orí ń fọ́ òun."

Kò sí èyí tí n kò tíì gbọ́ rí nínú ohun tó sọ. Mo ti gbọ́ ọ lórí káńtà mi lẹ́nu àìmọye ènìyàn. Ẹ̀fọn kò pọ̀ lásìkò yẹn, ó yẹ kí n rò ó, n kò rò ó.

"Oògùn tí mo fún yín lóṣù tó kọjá, ṣé ó ṣẹ́ kù?"

"Ó wà, Bàbá."

"Fún un lò. Kó máa mu omi dáadáa, kí o sì fi omi tútù nù ún lára. Má jáyà, ibà lásán ni."

"Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Àṣàkẹ́ gba fóònù. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ mi, òun nìkan ni kì í fi Hausa dá mi lóhùn. Àwọn yòókù gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbà á. Òun máa ń bá mi sọ ọ́, ó mọ oríkì ilé wa dé ìdajì, bó bá ti ṣì í sọ á bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, èdè tó fi ń ṣeré ló máa ń yára bọ́ sí i lẹ́nu.

"Baba," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀. "Wuya…" Fóònù ń já. "Baba, wuya…"

Ẹ̀yin gbọ́ Hausa jù mí lọ. Ẹ mọ̀ pé wuya ni wọ́n ń pe ọrùn. Ẹ sì mọ̀ pé wuya náà ni wọ́n ń pe ìyà, pé ẹni tó ń jìyà, wuya ló ń jẹ. Bí a ṣe gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀ ló yà wọ́n, fóònù tó ń já kò sì gbé ohùn fúnni dáadáa. Mo rò pé ọmọ ní òun ń jìyà.

"Pẹ̀lẹ́, Àṣàkẹ́ mi," mo ní. "Ìyà náà yóò tán. Ṣáà lo oògùn rẹ."

Ọrùn rẹ̀ ni ọmọ ń sọ fún mi.

Ní ọ̀sán, Yétúndé ní ó ti sùn. Mo dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ọmọ kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, pé bí òun bá ṣí fèrèsé ó ń kígbe. Mo ní kó ta aṣọ bo fèrèsé, pé ibà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti ta oògùn fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sókè. Ó ní, "Ká ní Ìyá Alágbo wà nítòsí ni." Mo ní, "Kí ni yóò ṣe? Ibà náà ni." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù Yétúndé kò lọ mọ́. Iná kò sí ní Kawo, fóònù rẹ̀ ti kú.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tú òfin náà sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ. Mo gun ọ̀kadà. Sójà ní kí a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí mo dé Kawo, Yétúndé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kò lè kúnlẹ̀, kò lè kí mi. Àṣàkẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí mo ti rí i tí Ìyá Alágbo ń ṣe. Ó le bí ọpọ́n.

"Bàbá," Yétúndé ní, "ṣé ibà náà ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbé e mọ́ àyà, mo sì jáde síta.

Ọkùnrin Hausa kan ní ilé kejì, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, gbé mọ́tò rẹ̀ jáde láìbi wá ní nǹkan kan. Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi wá pé ọjọ́ mélòó ni, ó sì bi wá pé ta ló ní ibà ni. Mo ní, "Èmi ni." Ó wò mí, ó wo irun funfun orí mi, ó sì yíjú padà sí ọmọ náà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ fi wà láàárín ayé àti ọ̀run. Ní ọjọ́ keje, ó la ojú. Ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ̀ mí. Yétúndé bú sí orin, àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù bá a gbè é. Mo tẹ̀ síwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó ń wo ẹnu mi. Ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ó pariwo rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara:

"Bàbá, kí ló dé tí gbogbo yín ń la ẹnu tí ẹ ò sọ nǹkan kan?"

Orin náà dá. Nọ́ọ̀sì wá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ létí rẹ̀ ọ̀tún, ó pàtẹ́wọ́ létí rẹ̀ òsì. Ọmọ kò yíjú padà. A gbé e kiri lẹ́yìn náà, Zaria, Ìbàdàn, gbogbo ibi tí wọ́n ní ká gbé e dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún wa níbi gbogbo.

Mo lọ sí Rigasa. Ó pẹ́ tí ó ti yẹ kí n lọ, n kò lọ, ọ̀nà kò jìn, ẹ̀rù ìlú yìí ló jìn. Ìyá Alágbo ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Mo jókòó sílẹ̀, mo ròyìn fún un.

"Wọ́n ní ibà ń ṣe é," mo bẹ̀rẹ̀.

"Ibà wo?" Ó bọ́ sí i lẹ́nu bíi ti àtijọ́.

Mo ka orí fífọ́, èébì àti ìmọ́lẹ̀ tí Àṣàkẹ́ kò fẹ́ rí fún un.

"Bàbá Yétúndé, ṣé o fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀?"

"Kónílé-ó-gbélé ni, Ìyá. N kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ṣé o ní kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án?"

Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Rárá." Ó ka, "Innā lillāhi," ó wá na ọwọ́ títí ó fi kan orí mi, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Wọ́n ti kó àwa àgbà kúrò lọ́jà. Kálukú wà ní ìhà tirẹ̀." Èmi ni mo ṣe é, òun ló ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀bi náà sí kó má baà jẹ́ orí mi. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú lẹ́yìn òjò ọdún kejì. Wọ́n ti sin ín fún ọjọ́ mẹ́jọ kí n tó gbọ́. Nígbà kan, bí ó bá wúkọ́, mo ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo ti kẹ́míìsì náà pa. Àwọn kan ṣì ń kan ilẹ̀kùn pé, "Baba, oògùn ibà." Mo ń bi wọ́n pé ibà wo. Wọ́n á rò pé ogbó ló ń da orí mi rú. Ẹ̀yin òde òní ń so màláríà àti táífọ́ọ̀dù pọ̀ bí orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo, ẹ ń ra oògùn méjèèjì pa pọ̀, ẹ ń gbé e mì, ẹ ń lọ. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi léṣìí pé kí ni yínrùnyínrùn. Ó ní ṣé orúkọ ẹyẹ ni. Àwọn tó mọ orúkọ àìsàn ń kú, orúkọ ń bá wọn wọ ilẹ̀, àìsàn nìkan ló ṣẹ́ kù sókè ilẹ̀ pẹ̀lú wa. N kò mọ ohun tí a ó fi tún un ṣe. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ǹ bá ti sọ fún yín.

Ẹ bá mi pe ẹnì kẹrin yín kí ẹ tó lọ. Ẹ ní kó tẹ orí wálẹ̀, kó wo àyà ara rẹ̀.

Àṣàkẹ́ lẹ rí tó gbé omi fún yín. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni báyìí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú ló ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, òun ló ń se oúnjẹ mi, òun ló ń wo ojú mi láàárọ̀ bóyá mo sùn dáadáa. Yorùbá tó gbọ́ kí etí rẹ̀ tó dí ló ṣì ń sọ, Yorùbá ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ohùn rẹ̀ ti ń kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ń di òmíràn. Lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ díẹ̀ sí i kù nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ti jọ̀wọ́ pátápátá, kì í sọ wọ́n mọ́, n kò sì lè kọ́ ọ. Oríkì tó mọ dé ìdajì yẹn, ìdajì ibẹ̀ ló dúró sí.

Ohun tó burú jù ni pé kò tíì mọ́ mi lára. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Àná, mo fẹ́ kó bá mi gbé àga sí abẹ́ ibòji. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń gbá àgbàlá, níbi tí kànga wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Mo pè é. Mo ní, "Àṣàkẹ́!" Mo tún ní, "Àṣàkẹ́ ọmọ mi!" Mo ti ń bínú pé kí ló dé tí kò dáhùn, kí n tó rántí. Ó ń gbálẹ̀ lọ.